Ọdún Méje Tí Dusik Fi Di Ẹ̀fọn Sínú

Ìwọ tí o mú ìwé pẹlẹbẹ yìí lọ́wọ́, jọ̀wọ́ má tíì sọ ọ́ nù. Ọ̀rọ̀ ọtí kọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbèrè. Ó lè jẹ́ pé o kì í mutí. Ó lè jẹ́ pé o kò jalè rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Pyo Dusik ti erékùṣù Geoje rí, síbẹ̀ ọ̀nà ọ̀run àpáàdì ló ń tọ̀.

Wẹ́dà ni Dusik, níbi tí wọ́n ti ń kan àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Irin tí ó bá jó pọ̀ kì í tú. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá ń jẹun, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Bó bá jókòó, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìlọta. Bó bá dùbúlẹ̀, yóò yí sọ́tùn-ún, yóò yí sósì, yóò dìde wo fóònù, yóò tún dùbúlẹ̀.

Kí ló fà á? Ẹnì kan ló wà nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kó sinmi.

Orúkọ ẹni náà ni Tak Hwanjun. Ẹ̀fọn ni gbogbo wọn ń pè é nínú géèmù, nítorí pé yóò jẹ ọ́, yóò sì fò lọ kí o tó gbọ́wọ́ sókè.

Ní ọdún méje sẹ́yìn, Dusik, Ẹ̀fọn àti àwọn mẹ́ta mìíràn jọ wà nínú ikọ̀ kan. Géèmù ìbọn yíyìn kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Odi Òfúrufú. Lójú ọ̀run ni ìjà rẹ̀ ti ń wáyé, láàárín àwọn ìràwọ̀, ní àkókò kan tí kò tí ì dé. Àwọn márààrún mọ eré náà débi pé wọ́n dé ìpele ìkẹyìn ìdíje kan ní ìlú Busan, níwájú ẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló kù kí wọ́n borí. Ni Ẹ̀fọn bá yọ ohun tó fi bo etí, ó gbé e sórí tábìlì, ó dìde, ó sì bá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Kò wí nǹkan kan. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹni mẹ́rin kò lè ja ìjà ẹni márùn-ún. Wọ́n fìdí rẹmi.

Ẹ̀fọn kò gbé fóònù mọ́. Dusik wá a lọ sílé, wọ́n ní ó ti kó lọ. Láti ọjọ́ náà ni Dusik ti búra pé ọjọ́ tí òun bá rí i, ọwọ́ tó fi ń di máòsì kọ̀ǹpútà mú ni òun yóò ṣẹ́.

Má rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ní tìrẹ. Bóyá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Bóyá ọ̀rọ̀ kan ni tí àbúrò bàbá rẹ sọ sí ọ níwájú àlejò. Ìkùnsínú dùn. Ẹni tó bá ní kò dùn kò tíì ṣe é rí. Ó dà bí egungun gbígbẹ tí ajá ń họ, tó fi gún ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló ń lá, ó rò pé ọ̀rá ẹran ni.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún keje, Odi Òfúrufú Kejì jáde.

Dusik gba ìsinmi ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́, ó sì lọ jókòó sí ilé géèmù tó wà lókè ilé oògùn nítòsí èbúté. Iṣẹ́ wà fún un níbẹ̀. Bí géèmù tuntun bá jáde, òun a máa kọ èrò rẹ̀ nípa rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Irin-Gbígbóná ni orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń dúró de ẹnu rẹ̀. Bí Irin-Gbígbóná bá ní ó dára, wọn á rà á. Bó bá ní kò dára, wọn á fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ kọ́kọ́ ṣí nínú géèmù náà, tí ayé pupa kan hàn nísàlẹ̀, tí eruku rẹ̀ ń yí bí èéfín, Dusik gbàgbé núdù ramyeon tó rà títí ó fi tutù sínú abọ́. Kò sí orin. Èémí ara rẹ nìkan lo ń gbọ́. Àwọn ọ̀tá kò tún ń já wọlé gìrì bíi ti àtijọ́ mọ́. Wọ́n ń sá pamọ́, wọ́n ń dúró kí ọta ìbọn rẹ tán, ìgbà náà ni wọn yóò tó yọ sí ọ.

Nígbà tó padà síbi iṣẹ́, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí àtẹ̀gùn kan náà bi í bí eré ṣe rí. Eom ni orúkọ ọkùnrin náà. Ẹni àádọ́ta ọdún ni, ó sì jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan lẹ́yìn ọjà ẹja. Wọ́n jọ jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti bà á jẹ́," ni Dusik wí.

"Ṣé kò dùn ni?"

"Ó dùn, ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ó dùn, wọ́n sì tún bà á jẹ́. Ìbọn ọ̀hún fúyẹ́ bí igi tí ẹ fi ń jẹun yẹn. Ti àkọ́kọ́, bí o bá yìn ín, èjìká rẹ á mọ̀ pé o yìnbọn."

"Èjìká ta ni? Ṣebí orí àga lo jókòó sí?"

"Ẹ̀yin àgbààgbà ò lè mọ̀."

"Òótọ́ ni. Èmi ò tí ì yìnbọn lórí àga rí." Díákónì Eom gbé kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan aláta, sínú abọ́ Dusik. "Jẹ èyí. O ti gbẹ."

"Kí ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Afẹ́fẹ́ tí o ń mí kò pọ̀, ẹ̀yìn rẹ lo gbé e sí. Bí ọta bá ba ẹnì kan nínú ikọ̀ yín, tó ṣubú, tí afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ń jò lọ, o lè kúnlẹ̀ tì í kí o fà nínú tìrẹ fún un. Tìrẹ á sì dín kù! Ta ló bẹ̀ wọ́n? Ṣé torí kí n lè máa ṣe nọ́ọ̀sì ni mo ṣe ra géèmù ìbọn?"

Díákónì Eom gbé igi ìjẹun rẹ̀ sílẹ̀. "Mo mọ Ẹnìkan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo tirẹ̀ ló fà fún wa tán."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Jésù yín yẹn, ìpele kelòó ló wà?"

"Ó ti parí tirẹ̀, Dusik. Tìrẹ ló kù."

Dusik rẹ́rìn-ín títí ó fi há a lọ́fun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe láti ọdún mẹ́ta tí Eom ti ń pè é sọ́dọ̀ Olúwa. Kò bú u, kò sì gbọ́ tirẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn iṣẹ́ òwúrọ̀, ó padà sí ilé géèmù. Nínú Odi Òfúrufú Kejì yìí, ẹ̀rọ ló ń yan ikọ̀ fúnni. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tí wọn yóò dà á pọ̀ mọ́. Wọ́n da Dusik pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́rin tí kò mọ̀ rí. Wọ́n ń jà bọ̀ láti inú ihò kan lórí ayé pupa náà, ọ̀kan nínú wọn sì ń dápàárá. Ó wí nǹkan kan, ó sì rẹ́rìn-ín.

Dusik dáwọ́ ìbọn dúró. Ẹ̀rín yẹn! Ó wo orúkọ tó wà lókè orí ọmọ ogun náà: Ẹ̀fọn.

Kò pẹ́ tí ọta fi ba Ẹ̀fọn. Ó ṣubú sínú eruku, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. "Irin-Gbígbóná, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ mi jù. Ẹ fún mi ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Dusik lọ dúró lé e lórí. Kò kúnlẹ̀. Ó ń wo nọ́ńbà afẹ́fẹ́ náà bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́. Ṣé o rántí Busan?"

Ẹ̀fọn bi í pé, "Ta nìyẹn?"

"Dusik ni."

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n Dusik? Ẹ ṣì ń bínú láti ìgbà yẹn? Ọdún méje rèé o! Àwọn ẹgbẹ́ yín ti ń mú ọmọ lọ sí iléèwé."

"Kú," ni Dusik wí, nọ́ńbà náà sì tán.

Nígbà tí Ẹ̀fọn tún jí sínú eré, kò pe Dusik ní ẹ̀gbọ́n mọ́. "Ìwọ! Inú géèmù nìkan ni ọwọ́ rẹ mọ. Tí o bá tó ọkùnrin, jáde síta."

"Dárúkọ ibi tí ó wù ọ́."

"Busan. Ẹnu ọ̀nà kẹta ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lẹ́bàá ọjà. Ọ̀sán Sọ́ńdè."

"Kí ni wàá wọ̀ tí n ó fi dá ọ mọ̀? Kó má di pé o tún sá."

"Ẹ̀wù òtútù dúdú gígùn. Máa bọ̀."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Dusik jó ibi tí kò yẹ kó jó lára irin, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Díákónì Eom gba iná lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló ń ṣe ọ́?" Dusik sọ gbogbo rẹ̀ fún un, inú rẹ̀ sì ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́.

"Má lọ," ni Eom wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá mi dá sí i."

"Ó dáa, jẹ́ kí n bá ọ lọ. Bí o bá fẹ́ lu ẹnì kan, èmi ni kí o kọ́kọ́ lù."

"Àwọn ọmọ yín ń dúró dè yín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Ẹ lọ kọ́ wọn lórin."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí àwọn ènìyàn Ọlọ́run ti ń kọrin, Dusik wọ bọ́ọ̀sì kọjá afárá gígùn lórí òkun lọ sí Busan. Kò wo òkun. Ìkúùkù rẹ̀ ló ń wò.

Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ ní ẹnu ọ̀nà kẹta. Ọkùnrin kan dúró lórí àtẹ̀gùn, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Ẹ̀wù òtútù dúdú gígùn ló wọ̀, ó sì ti fi ìbòrí ẹ̀wù náà bo orí.

"Ẹ̀fọn!"

Ọkùnrin náà yíjú díẹ̀, bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe yíjú bí wọ́n bá pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Dusik gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Gbogbo ọdún méje ló wà nínú ẹ̀ṣẹ́ náà. Ọkùnrin náà yí gbirigbiri lórí àtẹ̀gùn, orí rẹ̀ sì fọ́ mọ́ etí òkúta.

Ìbòrí ẹ̀wù ṣí. Irun funfun ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Obìnrin àgbàlagbà kan ń bọ̀ láti ìsọ̀ tó wà lójú ọ̀nà, ó gbé ife omi ọbẹ̀ ẹja gbígbóná méjì lọ́wọ́, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀. Ife méjèèjì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Dusik gbójú sókè, ó wò yíká. Ìgbà náà ló tó rí ohun tí ìbínú kò jẹ́ kó rí. Nínú òtútù ọdún náà, kò sí ẹni tí kò wọ ẹ̀wù dúdú gígùn. Ọmọ iléèwé wọ̀ ọ́, awakọ̀ wọ̀ ọ́, ẹni tó ń ta ẹja wọ̀ ọ́. Ju ogún lọ ló dúró níwájú rẹ̀, tí gbogbo wọn ń wò ó. Òun fúnra rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ní òdìkejì ọ̀nà, ọkùnrin sísanra kan nínú ẹ̀wù kan náà wo ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, ó wo Dusik, ó sì yí padà, ó sá lọ.

Ẹ̀fọn nìyẹn. Ó tún ti sá.

Àwọn ọlọ́pàá mú Dusik. Bàbá Seok ni orúkọ ọkùnrin tó lù, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó wà ní ilé ìwòsàn, kò lajú, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ fún Dusik pé bí kò bá jí, apànìyàn ni yóò máa jẹ́ títí ayé rẹ̀.

Díákónì Eom wá bá a ní àgọ́ ọlọ́pàá. Dusik ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, láti ògiri dé ògiri.

"Ẹ̀fọn ló fà á!" ni ó wí. "Bí kò bá sá ní ọdún méje sẹ́yìn, bàbá yìí ì bá ti mu omi ẹja rẹ̀ tán, kó máa lọ sílé."

"Ẹ̀ṣẹ́ ta ni?" ni Eom bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò..."

"Dusik, ẹ̀ṣẹ́ ta ni?"

Dusik wo ìkúùkù rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò lè jẹun. Ó mọ̀ báyìí pé kì í ṣe ọwọ́ Ẹ̀fọn ni òun fẹ́ ṣẹ́ ní gbogbo ọdún yẹn. Ó ti pa ènìyàn nínú ọkàn rẹ̀ tipẹ́. Ẹni tí ìpànìyàn náà yóò ṣubú lé lórí ló ń wá.

Ṣé o rí i, ìwọ ọ̀rẹ́ mi? Kì í ṣe géèmù ni ẹ̀ṣẹ̀ Dusik. Àwọn kan yóò sọ fún ọ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ń ṣe eré kan náà, yóò pa kọ̀ǹpútà, yóò sì lọ gbé ọmọ rẹ̀ jó. Inú ọkàn ni Olúwa wa ní ìpànìyàn ti ń wá.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Seok lajú. Wọ́n jọ̀wọ́ Dusik fún Eom kí ó máa tilé wá jẹ́jọ́, àwọn méjèèjì sì lọ sí ilé ìwòsàn. Dusik wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì lẹ́bàá ibùsùn, ó dojú bolẹ̀.

"Ta lo rò pé mo jẹ́?" ni bàbá náà bi í, ohùn rẹ̀ kò tí ì le.

"Ẹ̀fọn, bàbá."

"Ẹ̀fọn kẹ̀?" Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ dùn ún, ó di ibùsùn mú. "Wọ́n ti pè mí ní oríṣiríṣi láyé yìí. Kò sí ẹni tó pè mí ní ẹ̀fọn rí."

"Ẹ má bá a rẹ́rìn-ín!" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Èmi ò tí ì dárí jì í o. Kí ó mọ̀ pé èmi ò tí ì dárí jì í!"

"Mo gbọ́, ìyá Minseo. Èmi ti dárí jì í." Ó ní kí wọ́n gbé ìwé wá, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá pé òun kò fẹ́ kí wọ́n jẹ ọmọkùnrin náà níyà, òun kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé?" Omi ń bọ́ lójú Dusik.

"Jésù ti dárí ohun tó ju èyí lọ jì mí. N kò ní sọ ohun tó jẹ́ fún ọ. Dìde, ilẹ̀ tutù."

O lè rò pé ara Dusik balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Rárá o. Àìbalẹ̀ ara rẹ̀ tún wá le ju tàtẹ̀yìnwá. Ìyà ìbá rọrùn fún un. Ìdáríjì yìí ń lé e kiri bí ajá ọdẹ. Bó bá gbé iná wẹ́dà, ó ń gbọ́ ohùn bàbá. Bó bá jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, kò lè tẹ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sọ fún Eom pé, "Ẹ mú mi lọ síbi tí ẹ ti ń gbàdúrà ní ìdájí yẹn."

Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń pé jọ. Àwọn tó ń ta ẹja wà níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn la ohùn pọ̀, olúkúlùkù ń ké pe Olúwa fún tirẹ̀. Dusik kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Eom. Ó la ẹnu, kò sí ọ̀rọ̀.

"Kí ló dé?" ni Eom sọ sí i létí.

"Bí mo bá ti la ẹnu, ojú Ẹ̀fọn ni mò ń rí."

"Fà á lé Jésù lọ́wọ́."

"Mi ò lè ṣe é! Ẹ̀gbọ́n, ó sá lẹ́ẹ̀mejì! Kò tọrọ àforíjì. Kò ní àwáwí kankan!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó ṣe kò dára, n kò sì ní sọ fún ọ pé ó dára. Àwáwí wo ni ìwọ ní fún Bàbá Seok?"

"Kò sí," ni Dusik wí.

"Àwọn tó ń kan Jésù mọ́gi kò tí ì dáwọ́ dúró tó ti ń bá wọn bẹ Bàbá rẹ̀," ni Eom wí. "Òòlù ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá dúró kí a kọ́kọ́ tọ́ ni, ta ni ìbá là?"

Ìgbà náà ni nǹkan já nínú Dusik. Ó fi orí balẹ̀, ó ké bí ọmọdé. "Jésù, apànìyàn ni mí. Ìwọ gba ìyà mi jẹ, èmi kò sì mọ̀. Mo fi ara mi fún ọ. Mo fi Hwanjun lé ọ lọ́wọ́." Láti ọdún méje, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó pe orúkọ tí ìyá ọmọ náà sọ ọ́.

Oòrùn ti yọ nígbà tó dìde. Ebi ń pa á. Ó jẹ abọ́ ìrẹsì mẹ́ta nílé Eom, ìyàwó Eom sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó rán ọ̀rọ̀ sí Hwanjun lórí géèmù pé kó pe òun. Fóònù dún.

"Ṣé ẹ tún fẹ́ ká pàdé?" Ẹ̀rù wà nínú ohùn rẹ̀.

"Rárá. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé ó tán nínú mi. Kristi ti dárí jì mí, èmi náà sì ti dárí jì ọ́. Bákan náà, dárí jì mí, torí mo gbèrò láti ṣe ọ́ léṣe."

Hwanjun ní, "Ẹ̀rù ló bà mí ní Busan lọ́jọ́ yẹn. Mo rí èrò, ẹ̀rù bà mí. Kò sí nǹkan mìíràn."

"Mo gbọ́," ni Dusik wí. "Ó ti tán."

Wọn kò tí ì di ọ̀rẹ́. N kò ní purọ́ fún ọ nínú ìwé Olúwa. Ìyá Minseo náà kò tí ì kí Dusik dáadáa. Ṣùgbọ́n Dusik ń sùn, bí ó bá sì jí, orúkọ Jésù ló kọ́kọ́ ń wá sí i lẹ́nu.

Ìwọ tí ò ń kà á ńkọ́?

Má sọ fún mi pé tìrẹ yàtọ̀. Má sọ pé ohun tí wọ́n ṣe sí ọ ju ti géèmù lọ. Mo gbà, ó jù ú lọ. Wọ́n ṣẹ̀ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ ni yóò dúró níwájú Ọlọ́run lórúkọ rẹ. Ìwọ ni. Wọn kò sì ní bi ọ́ níbẹ̀ pé kí ni lágbájá ṣe. Wọn yóò bi ọ́ ohun tí o ṣe sí ẹ̀jẹ̀ Jésù tí a ta sílẹ̀ fún ọ.

O ti ń sọ pé ó di ọ̀la. Dusik rí ọ̀la tirẹ̀ nítorí pé àánú Ọlọ́run jí Bàbá Seok. Ta ló fi dá ọ lójú pé ẹni tí ọwọ́ rẹ yóò bà lọ́la yóò jí?

Nítorí náà, níbi tí o wà yìí gan-an, kúnlẹ̀. Bí ibẹ̀ kò bá gba ìkúnlẹ̀, tẹ orí rẹ ba. Sọ fún un pé, "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Gbà mí lónìí." Lẹ́yìn náà, pe orúkọ ẹni yẹn fún un. O mọ ẹni tí mò ń wí. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni kí o pè, bó tilẹ̀ korò lẹ́nu rẹ, má sì dìde títí o ó fi pè é.